Sí Àṣàkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ kantíkantí

Àṣàkẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣé ìwọ náà ni kantíkantí wá ń bà lé nímú báyìí tí o bá jókòó ti kọ̀ǹpútà? Má bínú. Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi jẹ ìyà yẹn, ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ fún ẹ. Èmi olólùfẹ́ òdòdó, kí kòkòrò máa ṣe àpèjẹ nílé mi!

Àwọn tó ń fò ni mo kọ́kọ́ gbéjà kò. Mò ń pàtẹ́wọ́ kiri yàrá bí ẹni tó ń jó láìsí ìlù. Mo fín oògùn ẹ̀fọn títí ọ̀fun fi ń ta mí. Mo bu ọtí kíkan sínú ife, mo gbé e ti ìkòkò òdòdó, kò pa ju méjì lọ. Àṣé àwọn tó máa ń kùn lórí èso ni òórùn kíkan ń fà, tiwa yìí kò bá èso lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún pé bíi tàná.

Ọjọ́ tí mo ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ òdòdó tó tóbi jù lójú fèrèsé ni ojú mi là. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá tí mo bomi rin ín, ó ṣì rin gbindin. Mo bá hú u díẹ̀. Ìdin tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ara wọn mọ́ gaara, orí wọn dúdú, wọ́n ń rá pálá kiri. Èmi ni mo ń tọ́ wọn! Abo kan lè yé ẹyin tó tó 200 sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ sí i ló ń lò láyé. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan ẹyin á pa, ìdin á sì jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ohun tó ń fò. Èyí tí o fi àtẹ́lẹwọ́ pa yẹn ti fi àrólé sílẹ̀.

Ebu tó ń hù nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tó ti jẹrà ni ìdin wọ̀nyí ń jẹ gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á kọjú sí gbòǹgbò wẹ́wẹ́. Òdòdó tó ti gbó lè fara dà á. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni ọ̀rọ̀ kàn. Méjì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, dín omi kù. Mo mọ̀ pé yóò nira fún ìwọ tó ń bomi rin àwọn òdòdó rẹ láràárọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Tó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀. Ìdin kì í fẹ́ràn iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Tó bá di dandan, gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi kó fà á láti ìsàlẹ̀, kí o sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Fún àwọn tó ń fò, páálí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi àtè kùn ló dára jù. Kò rẹwà lójú o, ṣùgbọ́n ó ń mú wọn. Mo gbìyànjú yanrìn lórí iyẹ̀pẹ̀ náà; ó dà sílẹ̀ kiri ilé, mi ò rí èrè rẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá kọ̀, bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bti, tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní 1976. Ìdin ẹ̀fọn ni wọ́n sábà máa ń fi pa, mọ̀lẹ́bí ẹ̀fọn sì ni kantíkantí wa. Pò ó mọ́ omi tí o fẹ́ bu sí iyẹ̀pẹ̀, kí o sì tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, torí ìdin ló ń pa, kì í pa ẹyin.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé abẹ́ ewé ni wọ́n ti ń bú sókè, tí wọ́n funfun bí ìyẹ̀fun, kì í ṣe kantíkantí nìyẹn; kọ ọ́ sí mi kíákíá, ìjà tìyẹn lọ́tọ̀.

Kó o tó sùn lálẹ́ òní, gé pòtétò tútù pẹlẹbẹ, kí o tẹ́ ẹ sórí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, yí i padà, kí o ka ìdin tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi jẹ́ 17 nígbà àkọ́kọ́. Kọ tìẹ ránṣẹ́, ká mọ ẹni tó borí.

Èmi ni,
Àdùkẹ́