Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Wò

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé sáà yìí kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ yín, síbẹ̀ ẹ san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ra ìwé, ẹ sì ń wá nígbà tí a bá pè yín. Ìwé èsì ìdánwò ọmọ yín wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èsì, yúnífọ́ọ̀mù àti owó bọ́ọ̀sì ni mo máa ń fi lẹ́tà ìparí sáà sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sáà tó parí yìí, lẹ́yìn tí aago ìlọsílé ti lù, màmá ọmọ JSS 1 kan dúró lẹ́nu géètì títí, kò rí ọmọ rẹ̀. A pe orúkọ ọmọ náà, a wá gbogbo kíláàsì, a wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Máígáàdì wa ló gbọ́ ohùn nínú yàrá tí a ń kó ọkọ́ àti àdá iṣẹ́ àgbẹ̀ sí. Wọ́n ti fi okùn ìsáṣọ di ọmọ náà lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì fi táì bò ó lójú. Ó ti tọ̀ sára. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta láti JSS 3 ló ṣe é. Eré ajínigbé ni wọ́n ń ṣe: òun ni wọ́n jí gbé, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n máa gbà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n lọ dá owó náà jọ. Bí aago ti lù, wọ́n sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Gbígbàgbé yẹn ló dùn mí jù. Wọn kò kórìíra ọmọ náà, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ máa ń bá a gbé báàgì. Okùn, ìbòjú àti ẹkún rẹ̀ kò wúwo lọ́kàn wọn ju bọ́ọ̀lù tí èèyàn gbá tán tó sì fi sílẹ̀ ní pápá.

Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì, olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó padà wọlé. Yàrá irinṣẹ́ ti ní àgádágodo báyìí, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Òbí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo bi àwọn mẹ́ta yìí léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní inú fíìmù tí òun wò lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun ni. Èkejì ní inú àwọn skíìtì ni. Ẹ̀kẹta dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní òun kò kọ́ ọ nínú fíìmù kankan. Ó ní lọ́dún tó kọjá, wọ́n jí àbúrò bàbá òun gbé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni bàbá òun fi ń bá àwọn ajínigbé dúnàádúrà lórí fóònù ní pálọ̀, òun sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n rò pé ó ti sùn.

Ìdáhùn ọmọ yìí ló jẹ́ kí n ya lẹ́tà tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé fíìmù ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́, kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo wá jókòó, mo ka ohun tí àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn wádìí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ní 1961, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kó ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 72 jọ. Kò sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nínú wọn. Ó jẹ́ kí àwọn kan wo àgbàlagbà tó ń lu ọmọlangidi ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, ó ń fi òòlù onígi lù ú, ó ń gbé e jù sókè. Nígbà tí ọwọ́ àwọn ọmọ náà tẹ ọmọlangidi yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí ìlù náà lù ú bí wọ́n ti rí i, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ. Ní 1963, ó fi fíìmù rọ́pò èèyàn tó dúró níwájú ọmọ, àfarawé náà kò yí padà.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti 1965. Fíìmù kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ wò, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ yàtọ̀. Fún àwọn kan, wọ́n yin ẹni tó lu ọmọlangidi, wọ́n fún un ní nǹkan dídùn. Fún àwọn mìíràn, wọ́n bá a wí, wọ́n sì nà án. Fún ìyókù, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó rí i tí wọ́n na ẹni náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bíi tirẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dá ìwádìí náà dúró sí, à bá ní ìyà inú fíìmù ti kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Bandura kò dúró síbẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá lè fi ohun tó rí nínú fíìmù han òun yóò gba oje èso àti àwòrán alẹ̀mọ́. Kíá, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n dọ́gba, àti àwọn tó rí ìyìn àti àwọn tó rí ìyà. Ìyà yẹn kò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́ lọ́kàn wọn, ó kàn dá ọwọ́ wọn dúró fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí pálọ̀ tiwa. Ìgbà mélòó la ti jókòó ti ọmọ wa níbi fíìmù tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti lọ ṣe oògùn owó? Ọkàn wa balẹ̀ torí a mọ̀ pé yóò ya wèrè ní apá kejì. Ọmọ á kọ́gbọ́n, à ń wí. Ṣùgbọ́n fún odindi wákàtí kan kí wèrè yẹn tó dé, ọmọ ti rí jíìpù, ó ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti rí i bí àwọn àgbà ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ àná. Ní pàtàkì, ó ti rí i pé oògùn náà jẹ́, owó sì jáde. Ìyẹn ti wọlé sọ́kàn rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹnì kan yóò gbé oje èso dé.

Ẹ kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan torí oògùn owó, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti kọ́ ọ. N kò sọ pé fíìmù ló pa ọmọ ọlọ́mọ. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀, àìníṣẹ́ wà níbẹ̀, ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bèèrè ibi tí ọmọ ti rówó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ fi dá wọn lójú pé orí èèyàn ń di owó? Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́rùn àwa àgbà.

Ìwádìí mìíràn wà tí kò gbè sẹ́yìn ohun tí mo ń sọ, kò sì yẹ kí n fi í pa mọ́ fún yín. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ Bandura pé ọmọlangidi tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa gbá a kì í ṣe èèyàn. Òótọ́ ni. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Oxford yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹgbẹ̀rún kan wò, àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15, wọn kò sì rí i pé àwọn tó ń ta géèmù oníjà burú ju àwọn yòókù lọ. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, APA, sọ pé ẹ̀rí kò tó láti fi géèmù ṣàlàyé ìpànìyàn àti irú ìwà ipá ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà ṣá pé ó bá ìwà jàgídíjàgan kéékèèké tan díẹ̀: kí ọmọ máa pariwo mọ́ ẹlòmíràn, kí ó máa tì í. Díẹ̀ ni wọ́n pè é, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé-ẹ̀kọ́, inú títì àti pípariwo kéékèèké la ń gbé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ erékùṣù kan tí ń jẹ́ St Helena, tó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ló wú mi lórí jù. Ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n tó débẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ń wo ìṣe àwọn ọmọ náà ní pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó dé, wọ́n tún wò wọ́n fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìwà àwọn ọmọ náà kò bàjẹ́. Ìlú kékeré ni, gbogbo àgbà ló mọ ọmọ tó ń kọjá, ọmọ sì mọ̀ pé ojú wà lára òun. Àwọn olùwádìí gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n.

Bí mo ṣe ń kà á ni mo rántí àdúgbò tí mo dàgbà sí. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti wà n'Íbàdàn, síbẹ̀ nígbà èwe mi, ilé kan ṣoṣo ló ní in ní òpópó wa. Orí ẹní la máa ń jókòó sí, àwa ọmọdé, àwọn àgbà á sì wà lórí àga lẹ́yìn wa. Wọn kì í panu mọ́! Bí ẹnì kan bá yọ ọ̀bẹ, ìyá onílé á ké pé, "Háà, èyí ò dáa o, ṣé ẹ rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe máa sunkún?" Ó máa ń bí wa nínú pé kò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. N kò rántí orúkọ eré kan nínú wọn mọ́, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin yẹn kò tíì kúrò létí mi. Lónìí, ọmọ nìkan ló wà lábẹ́ aṣọ ìbora pẹ̀lú fóònù àti ìpè-etí, òru ti jìn, ojú àgbà kankan kò sí níbẹ̀. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ń kọ 12, 15 tàbí 18 sára fíìmù. Ní 2024, wọ́n tún gbé ìlànà jáde pé kí fíìmù, fídíò orin àti skíìtì má máa gbé oògùn owó lárugẹ. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àjọ náà kò lè bá wa wọ abẹ́ aṣọ ìbora.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí fóònù ọmọ máa sun yàrá yín lálẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo ohun tó fẹ́ràn, kódà bí kò bá yín lára mu, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sí i bí ìyá onílé yẹn. Ẹ bi í pé, "Ta ló máa san owó ilé ìwòsàn ẹni tí wọ́n gún yìí?" Bí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, ẹ má rò pé ọmọ ti sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹgba yanjú rẹ̀. Àwa náà ti ṣíwọ́ nína ọmọ lójú àpéjọ òwúrọ̀ láti sáà yìí. Ó yẹ ká ti ṣíwọ́ tipẹ́, èmi ni mo sì jẹ̀bi ìpẹ́ náà.

Níhìn-ín, láti sáà kẹta, àwọn ọmọ JSS yóò máa kọ àròkọ lórí ohun tí fíìmù ń fi pa mọ́ fún wọn. N kò dá a dábàá láti orí ara mi. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ kéékèèké kọ ìdí tí ìjà inú tẹlifíṣọ̀n kì í fi í ṣe òótọ́, àti ìdí tí kò fi dára kí èèyàn máa fara wé e. Ní 1983, wọ́n jábọ̀ pé ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ náà dín kù ju ti àwọn tí kò kọ irú rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì wa yóò wá ṣàlàyé fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n la ìgò mọ́ lórí, nítorí nínú skíìtì, ńṣe ló máa ń dìde tí á sì tún máa rẹ́rìn-ín.

Ìpàdé PTA yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan la ó sọ lọ́jọ́ náà, a ó gbé ti owó kankan tì. Bàbá ọmọ kẹta tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti ní òun yóò wá sọ fún wa ohun tí ọmọ rẹ̀ bi í léèrè, ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jókòó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́fà yẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́