Ẹ̀sùn Lórí Ìbọn Winchester 1876 Tí Ẹ Tà Fún Mi Bí Ìbọn Ọlọ́pàá Kánádà

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Gbàǹjo Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ kú iṣẹ́, sà.

Èmi ni mo ra ìbọn Winchester 1876 nínú gbàǹjo tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Yorùbá ni èmi àti ọmọkùnrin tó ń dáhùn fóònù lọ́dọ̀ yín fi dúnàádúrà, òun náà ni mo sì fi ń kọ̀wé yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ mi ò yé òun.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjà yín pé kábáìnì, ìyẹn ìbọn kúkúrú tí àwọn agẹṣin ń gbé, ni ìbọn náà, pé ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá agẹṣin Kánádà, North-West Mounted Police (NWMP), ló ti wá, àti pé ìwé ilé-iṣẹ́ Winchester fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú mi san owó gọbọi nìyẹn. Winchester 1876 fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣe tó 63,871. Èyí tí àwọn ọlọ́pàá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gẹṣin láti 1878 ló ṣọ̀wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.

Mo fi nọ́ńbà ara ìbọn náà ránṣẹ́ sí Cody Firearms Museum ní Wyoming, níbi tí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Winchester wà. Èsì wọn dé: ráífù, ìyẹn ìbọn tó gùn jù ú lọ, ni, kì í ṣe kábáìnì. Ọ̀pá ìbọn onígun mẹ́jọ ló bá jáde nílé-iṣẹ́, ọta .40-60 ni wọ́n sì ṣe é fún. .45-75 ni ti àwọn ọlọ́pàá Kánádà. Èyí tó wà nílé mi, ọ̀pá rẹ̀ rí róbótó, ó jẹ́ ínǹṣì 22, igi sì bò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, bó ṣe yẹ kábáìnì gan-an. Ta ló wá pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn náà?

Ti pé ìwé Winchester fìdí rẹ̀ múlẹ̀, irọ́ funfun báláú ni. Irú ìbọn, irú ọta, ọjọ́ tó kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí àti nọ́ńbà àṣẹ ọjà ni ìwé Winchester máa ń sọ. Kì í sábà dárúkọ ẹni tí wọ́n kó o fún. Ìwé Colt, ilé-iṣẹ́ ìbọn mìíràn, ló máa ń sọ ìyẹn. Ìwé wo lẹ wá rí?

Mo tún gbé ìdí ìbọn náà sábẹ́ iná, mo fi awò wò ó. Igi náà ti gbó, ó sì ti ha káàkiri, ṣùgbọ́n etí lẹ́tà NWMP tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ mú bí abẹ. Ojú ibi tó ha kan gba abẹ́ W kọjá. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú híha yẹn ni ì bá gé lẹ́tà; W ló gé e, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn tí igi náà ti ha ni wọ́n tó tẹ lẹ́tà yẹn. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ o, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo pè yín, ọmọkùnrin yẹn ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á.” Ó ní ẹ ó dín owó kù fún mi ní gbàǹjo tó ń bọ̀. Gbàǹjo wo? Ohun tí ẹ kọ ni mo rà. Irin àti igi yẹn nìkan kò tó ìdá mẹ́ta owó tí ẹ gbà.

Ẹ dá gbogbo owó mi padà, pẹ̀lú owó tí mo fi gbé e wálé. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ “ìbọn ọlọ́pàá” kúrò lórí ìkànnì yín, nítorí iye tí ẹ tà á wà níbẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì ń fi díye lé tiwọn. Bí ẹ bá tún un tà, ẹ sọ ohun tó jẹ́ gan-an fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹ̀dà lẹ́tà Cody àti àwọn fọ́tò wà nínú àpò ìwé yìí. N kò tíì tún ohunkóhun ṣe lára ìbọn náà, n kò fi epo pa á. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí n kò gbúròó yín, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ni n ó kọ̀wé sí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Houston.