Owó àyálò inú báǹkì àti físà àwọn òbí wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn òbí ní ilẹ̀ Okun, láti Kábà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ṣe ń tọrọ físà láti lọ kí àwọn ọmọ wọn lókè òkun. Àwọn bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ní lọ́kàn, tí ọmọ ní kí wọ́n wá wo ọmọ tuntun tàbí kí wọ́n wá bá òun ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí kò sì sí èrò mìíràn nínú wọn ju kí wọ́n padà sílé lọ. Irú wọn gan-an ni òfin físà àlejò wà fún, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ pé wọn kò fún lágbájá.

Ohun tí mo rí pé ó ń bà á jẹ́ jù ni owó àyálò. Éjẹ́ǹtì á sọ fún ìyá pé owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ti kéré jù, á bá a wá mílíọ̀nù mélòó kan tí yóò wọlé kí wọ́n tó gba sítétímẹ́ǹtì, tí yóò sì jáde kíá lẹ́yìn rẹ̀, ìyá náà á sì san èlé lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé nìkan kọ́ ni òṣìṣẹ́ físà ń wò. Ó ń wo ibi tí owó ti ń wọlé, àti bóyá ó bá owó ìfẹ̀yìntì tàbí òwò tí ẹni náà kọ sínú fọ́ọ̀mù mu. Bí sítétímẹ́ǹtì náà bá wá jẹ́ ayédèrú, Bìrìtéènì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún fún ọdún 10. Éjẹ́ǹtì ò ní bá a pín nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún ní ìdíjú kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó kò ní. Ọ̀pọ̀ àgbà níhìn-ín ló ń fi oko kaṣú tàbí kòkó kún owó ìfẹ̀yìntì. Kaṣú kì í mówó wá lóṣooṣù. Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni à ń kó o, owó lọ́wọ́ sì ni àwọn tó ń rà á sábà máa ń san. Bí àgbẹ̀ bá lọ kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ ohunkóhun, kò ní yàtọ̀ sí owó àyálò lójú ẹni tí kò mọ igi kaṣú rí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú tí yóò ṣàlàyé ìgbà tí ó ń kórè àti bí ó ṣe ń tà á, kí ó fi rìsíìtì oníbàárà rẹ̀ àti ìwé oko tì í, kí ó sì gba sítétímẹ́ǹtì ọdún kan gbáko, kí owó ìkórè tó kọjá náà lè hàn nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ni yóò sanwó ìrìn àjò, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ fi ìwé owó oṣù tirẹ̀ ránṣẹ́. Òfin gbà á, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Irọ́ kejì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá wa ni pé kí wọ́n má ṣe sọ pé ọmọ tuntun ni àwọn ń lọ wò. Ìlànà Bìrìtéènì fàyè gba mọ̀lẹ́bí láti wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Físà pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí pé wọn yóò jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì lè bi í léèrè, kí ó sì dá a padà. Ìyá tó ní ìlú lásán ni òun wá wò, tí aṣọ ọmọ ọwọ́ àti òrí sì kún inú báàgì rẹ̀, kí ni yóò wí?

Ẹni tó ń lọ sí Jámánì tàbí Ítálì gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìrìn àjò tí kò dín ní Yúrò 30,000. Owó físà wọn ti di Yúrò 90 láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fúnni. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ènìyàn yóò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹ sì yẹ ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN yín wò kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù ní Lọ́kọ́ja, nítorí àṣìṣe níbẹ̀ lè gbówó lọ́wọ́ yín: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ìwé ọlọ́dún márùn-ún, ₦200,000 sì ni ti ọlọ́dún mẹ́wàá.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìlànà wọ̀nyí wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni éjẹ́ǹtì fi ń rí wa mú. Bí ẹ bá lè ya ààyè díẹ̀ sọ́tọ̀ láti máa tẹ̀ wọ́n jáde lédè Yorùbá nígbàkígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá yí tirẹ̀ padà, èmi fúnra mi yóò máa gé e lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde ìjọ wa.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kábà, ìpínlẹ̀ Kogí.