Ìgbà tí wọ́n bá yìn ọ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàláàmù àlékùm. Báwo ni òtútù Kánádà? Gbogbo ilé ń kí ọ láti Ìlọrin.

O ní ọ̀gá yín yìn ọ́ lójú gbogbo èèyàn, o sì ní àwọn yòókù ló ṣiṣẹ́ náà. Ìwọ tí o fi òru mẹ́ta ṣe é! Inú mi bàjẹ́, torí mo mọ àìsàn yẹn dáadáa.

Ṣé o rántí kíláàsì kẹrin? Tíṣà bi mí ní 7 lọ́nà 8, ẹ̀rù bà mí, mo ní 54. Ó ní kí gbogbo kíláàsì kọrin olódo fún mi. Ìwọ náà kọ ọ́. Mi ò bínú, ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún 20 tí orin yẹn fi ń dún nínú mi. Bí mo bá ṣe dáadáa, mo ní oríire lásán ni. Bí mo bá kùnà, mo ní wọ́n kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí òfì, níbi tí mo ti ń kọ́ aṣọ híhun, ni mo ti bọ́ lọ́wọ́ orin yẹn díẹ̀díẹ̀. Ìnṣì 4 ló yẹ kí aṣọ mi fẹ̀, àmọ́ ó ń fẹ̀, ó ń há. Lọ́jọ́ kan òwú já, mo gbé ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá mi ò tù mí nínú, kò sì yìn mí. Ó wá orí òwú náà nínú omú tó ń ya òwú sọ́tọ̀, ó so ó, ó fi àtàǹpàkò tẹ kókó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó yá, ju ọ̀kọ̀." Nígbà tó tún já, èmi ni mo so ó. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo so òwú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo rí i pé látàárọ̀, mi ò pe ara mi ní olódo.

Síbẹ̀, bí oníbàárà bá yìn mí, màá yára fi ibi tó wọ́ hàn án. Ọ̀gá mi ní, "Ta ló bi ọ́?" Láti ìgbà náà, "Ẹ ṣeun" ni mò ń sọ, màá sì pa ẹnu mọ́. Ó nira ju híhun lọ!

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn fún mi ní gbólóhùn 10 tí Morris Rosenberg, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1965 láti fi díwọ̀n ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀. Márùn-ún sọ rere nípa ẹni, márùn-ún sọ àbùkù. Wàá sọ bí o ṣe fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Kò bi mí ní 7 lọ́nà 8 rárá. Ojú tí mo fi ń wo ara mi nìkan ló ń bi mí. Àbẹ̀kẹ́, o mọ iṣẹ́. Ojú yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá wá di pé o ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wọlé, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà.

Aṣọ tó ń fẹ̀ tó ń há yẹn wà nínú ẹrù tí àbúrò mi ń gbé bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gé e. Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n bá tún yìn ọ́, "Ẹ ṣeun" nìkan ni kó o sọ, kí o wá pè mí lálẹ́. Mi ò ní í sùn.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ