Lẹ́tà Táàmù Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó orí ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Yábàá lásìkò òjò yìí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò yí padà. Ọ̀rọ̀ Bayọ́lọ́jì àwọn ọmọ SS1 ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn ọmọ wa mọ nóòtù há sórí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbé ewé kan síwájú wọn, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Bẹ́ẹ̀, nínú práátíkà WAEC, ohun gidi ni wọn yóò bá lórí tábìlì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kọ́.

Àlùbọ́sà la fi bẹ̀rẹ̀. Tíṣà bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó kán áyódíìnì sí i, ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń mú kí ohun tíntìntín hàn ní ńlá. Àwọn ọmọ rí i bí ògiri bíríkì: yàrá kéékèèké tó fara ti ara wọn, tí ojú kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá yẹn ni sẹ́ẹ̀lì. Ojú yẹn ni núkílọ́ọ̀sì, ibi tí àbùdá tí a jogún wà. Ọdún 1665 ni Robert Hooke fún sẹ́ẹ̀lì lórúkọ, nígbà tó wo èèpo igi tó ti kú.

Láti ibẹ̀ a ó bọ́ sórí ẹ̀jẹ̀, ibí yìí ni mo sì ti ń bẹ̀ yín gidigidi. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ (irú àbùdá ẹ̀jẹ̀ tó jogún) jẹ́ SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé, kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ó sì máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Òun ló ń fa ìrora egungun àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Bí AS, ẹni tó jogún àbùdá yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Bí ọmọ yín bá wá bi yín ní jẹnotáìpù rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ fún un. Àwa kò ní béèrè ti ọmọ kankan ní kíláàsì. Ẹni tó bá ní ọmọ SS tó sì ń wá ìmọ̀ràn lè dé Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà, ní iwájú ilé ìwòsàn LUTH.

Ọ̀sà ló kàn. Gbogbo wa la ti rí ewéko tútù tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó ń léfòó nísàlẹ̀ Third Mainland Bridge, tó ń ta òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Bó bá bo omi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín tí ọmọ ẹja ń jẹ. Bó bá tún jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi. Àwọn apẹja Màkókò mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó máa ń dí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn. Òjò ló ń mú un gbilẹ̀, nítorí omi òjò ń dín iyọ̀ ọ̀sà kù. Bí iyọ̀ bá padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kú. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí èyí ní í ṣe pẹ̀lú ẹja inú ọbẹ̀ yín.

Lẹ́yìn náà a ó kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre, níbi tí ọ̀bọ àti ọ̀nì ń gbé, tí afárá orí igi rẹ̀ sì gùn tó mítà 401. A kò ní fipá mú ọmọ tó bá ń bẹ̀rù òkè gùn ún. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n mú omi dání. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kí ẹ buwọ́ lù ú, kó sì dé ọwọ́ tíṣà kíláàsì kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́