Ìpàdé Sátidé: Ọ̀rọ̀ Georgette Heyer

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ní Kubwa àti Gwarinpa, l'Ábùjá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé ìyá ẹgbẹ́ wa ní Kubwa la ó ti pàdé ní Sátidé yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Georgette Heyer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́, la ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣàìsàn, ó sì ń pìtàn fún un kí ara lè tù ú. Ìtàn yẹn ló di ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1921, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún! Ibẹ̀ máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò jù: aṣọ, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, iye ọjà, àní ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ìgbà náà, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kì í fẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ rárá. Ó kú ní 1974.

Níwọ̀n bí ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ wa, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ àgbà bá rélùwéè dé Mìnà tàbí Kàdúná, kó wá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé tí ẹ yá padà.

Akọ̀wé