Ọ̀rẹ́ ló fún mi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú òòrùn Òṣogbo yìí o.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ (wọ́n ti dé Jerúsálẹ́mù, JP ni wọ́n) fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé lóòótọ́ làwọn olóṣèlú ilẹ̀ mímọ́ náà ń gba rìbá?" Mo ní, "Mummy, èèyàn ni wọ́n o." Ehud Olmert ṣe méyọ̀ Jerúsálẹ́mù yẹn gan-an, ó di olóòtú ìjọba Ísírẹ́lì láti 2006 sí 2009, síbẹ̀ ó wọ ẹ̀wọ̀n ní February 2016 nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, July 2017 ló tó jáde. Ẹjọ́ ti Netanyahu bẹ̀rẹ̀ ní May 2020, orí àga olóòtú ìjọba Ísírẹ́lì lòun náà sì wà nígbà yẹn.

Sìgá ńlá àti ṣáńpéènì wà lára ẹ̀sùn tiẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn olówó ló ń kó o wá fún òun àtìyàwó ẹ̀, pé gbogbo ẹ̀ tó nǹkan bíi 700,000 ṣékélì. Òun ní òun ò jẹ̀bi, ọ̀rẹ́ ló ń fún ọ̀rẹ́ ní nǹkan. Adájọ́ ló máa dá ìyẹn, kì í ṣèmi. Àmọ́ ẹ gbọ́ èdè wa ná: ọ̀rẹ́ àti ọrẹ, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Deutarónómì 16:19 sì sọ pé ẹ̀bùn a máa fọ́ ọlọ́gbọ́n lójú. Ọlọ́gbọ́n o, kò pe òmùgọ̀.

Èèyàn 120 ló wà nílé aṣòfin Ísírẹ́lì, látìgbà tí wọ́n sì ti ń dìbò níbẹ̀ kò tíì sẹ́gbẹ́ kan tó dá ní 61, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣèjọba á máa bẹ ẹgbẹ́ kéékèèké kiri, á fún tibí ní ipò, á ṣèlérí owó fún tọ̀hún, bí wọ́n bá sì bínú, ìjọba dà wó nìyẹn. Láàárín April 2019 sí November 2022, ìbò márùn-ún ni wọ́n dì! Àwa tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ń fún lẹ́fọ̀ọ́rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ jù, wọ́n lè gbé olóòtú ìjọba tó wà lórí àga lọ sílé ẹjọ́, tiwa ńkọ́, abala 308 nínú òfin 1999 ò jẹ́ kẹ́nì kan pe gómìnà lẹ́jọ́ ìwà ọ̀daràn títí táá fi gbé àga sílẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ta bá mi rèé. Ṣáájú ìkórè wa, ọnọ́rébù kan (mi ò ní dárúkọ) fi sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ fún fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀ṣì, tírélà kékeré kan. Mo gbàdúrà fún un títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Sunday kejì, ọgbà àjàrà Nábótì, èyí tí Ọba Áhábù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ni mo ti kọ sílẹ̀ láti wàásù lé, ni mo bá rí i tó jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá funfun, mo pa ìwé dé, mo wàásù lórí sùúrù. Kò bẹ̀ mí o, kò tiẹ̀ fojú ṣe nǹkan kan sí mi. Ẹnu tó jẹ dòdò ni ò lè sọ òdodo, èmi tí mo máa ń sọ fáwọn ìyá Ọjà Ọba pé kí wọ́n má gba owó "dìbò kóo sebẹ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọbẹ̀ tèmi, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi sè é.

Àwọn díákónì ní ká dá a padà. Báwo? Ó ti di bílọ́ọ̀kù, fẹ́ǹsì ti dúró, ewúrẹ́ àdúgbò ò wọlé mọ́. A ṣì ń bá a yí.

Sunday yìí, Nábótì ni, Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 21. Wọ́n ní ọnọ́rébù ń bọ̀. Aago mẹ́sàn-án, ẹ má pẹ́.